KÌ Í ṢE GBOGBO IMÚ TÓ Ń ṢOMI NI Ọ̀FÌNKÌN

Ẹni tí imú ń ro, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bá a jà kó tó ra kápúsù

Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ènìyàn, imú ni wọn kì í kà sí. Bí ojú bá ń dunni, ará ilé á sáré. Bí eyín bá ń roni, kò sẹ́ni tó máa sùn nínú ilé lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí imú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ohun tí gbogbo ènìyàn máa wí kò ju ẹyọ kan lọ: "Ọ̀fìnkìn lásán ni, fi Róòbù sí i." Bí Róòbù kò bá ràn án, wọ́n á ní kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, kí wọ́n bá a po oògùn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́. Kò sí àdúgbò kan n'Íbàdàn, l'Ékòó, l'Ábẹ́òkúta tàbí l'Ákùrẹ́ tí irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ti í wáyé:

"Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Imú ló ń dà mí láàmú. Ó ń ro mí, omi sì ń jáde níbẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Á ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí."

"Òtútù ló wọ̀ yín lára. Oògùn èló ni kí n pò fún yín?"

Ó parí. Bọ̀dá á ka kápúsù oníyẹ́lò àti pupa mẹ́rin, á mú ẹ̀kúnwọ́ funfun méjì kún un, á fi yẹ́lò kékeré tó ń múni sùn lé e, á wé gbogbo rẹ̀ sínú bébà. Kò bèèrè bóyá ihò imú kan ni tàbí méjèèjì. Kò bèèrè bí omi náà ṣe rí. Kò bèèrè bóyá Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ kẹrin, oògùn á ti tán, owó á ti lọ, imú ò sì ní yéé ṣomi. Ìyẹn ṣì dáa o. Àwọn kan wà tí oògùn imú ló gbé wọn dé ọsibítù.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Ohun tó ń mú kí imú máa ro tàbí kó máa ṣomi pọ̀ jaburata. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́rin wà tí dókítà máa ń bèèrè kó tó mú bíírò. Èkíní: ó ti pẹ́ tó? Èkejì: ṣé ihò imú kan ni àbí méjèèjì? Ẹ̀kẹta: báwo ni ohun tó ń jáde ṣe rí, ṣé omi tó mọ́ gaara ni, àbí ikun tó ki, àbí ẹ̀jẹ̀, ṣé ó sì ń rùn? Ẹ̀kẹrin: kí ni ó bá a rìn, ṣé ibà ni, ṣé imú ń yún ni, ṣé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń dunni?

Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ àìsàn tó ń ṣe é.

IṢẸ́ TÍ ỌLỌ́RUN GBÉ FÚN IMÚ

Imú kì í ṣe ihò lásán. Òun ni ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń fà sínú, imú ló ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, òun ló ń fi omi sí i lára, òun náà ló sì ń sẹ́ eruku kúrò nínú rẹ̀ kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Irun inú imú ń mú eruku ńláńlá. Ikun tó wà níbẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ eruku kéékèèké àti kòkòrò àrùn. Ikun tí imú ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ń ṣe lójúmọ́ lè tó lítà kan! Ènìyàn kì í mọ̀ ni, torí pé ẹ̀yìn ọ̀fun ló ń gbà lọ, tí á sì máa gbé e mì díẹ̀díẹ̀.

Yorùbá ní ohun tó bá ojú, á bá imú. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ihò tóóró kan wà láti igun ojú bọ́ sínú imú, ibẹ̀ ni omijé ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sunkún fi máa ń fọn ikun. Ìdí náà nìyẹn tí omi fi ń dà ní imú ẹni tó ń gé àlùbọ́sà, tàbí ẹni tí èéfín igi bá ń fín lójú. Ti ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ ata kò yàtọ̀ púpọ̀: ata ló ń ta imú jí, imú á sì máa ṣomi láti fi wẹ ara rẹ̀. Gbogbo ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Ikun tí àwọn ènìyàn ń kórìíra yìí, ọmọ ogun ni. Ní 1921, ọ̀fìnkìn ń ṣe Dókítà Alexander Fleming, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mú ikun imú ara rẹ̀, ó fi sínú àwo tó ti ń sin kòkòrò. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé àwọn kòkòrò tó wà nítòsí ikun náà ti ń yọ́ dànù. Ohun tó ń pa wọ́n yẹn ló sọ ní lysozyme. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1928, ni Fleming yìí kan náà rí penicillin, tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé imú tó ń ṣomi kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Àmì ni. Ohun kan ló wọlé, imú sì ń lé e jáde. Ohun tó wọlé yẹn ló yẹ kí á wá.

Ọ̀FÌNKÌN GAN-AN

Nínú gbogbo ohun tó ń fa imú ṣíṣomi, ọ̀fìnkìn ni olórí. Kì í ṣe òjò ló ń fà á, kì í ṣe omi tútù inú fíríìjì. Kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, ló ń fà á. Irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lé ní 200. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni rhinovirus. Ìdí tí ọ̀fìnkìn fi ń pọ̀ nígbà òjò ni pé gbogbo ènìyàn á kó ara wọn jọ sínú yàrá, wọ́n á ti fèrèsé pa, ẹni kan á sín, gbogbo ilé á gbà á.

Àgbàlagbà lè ní in lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ọmọdé lè ní in tó ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ, pàápàá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá tí imú ọmọ rẹ̀ kì í gbẹ kò gbọdọ̀ rò pé wọ́n ń fi ọmọ náà ṣe nǹkan. Ara ọmọ ló ń kọ́ ìjà.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ọ̀fun á kọ́kọ́ máa yún, ènìyàn á máa sín, omi tó mọ́ gaara á máa dà. Tó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ikun á ki, á pọ́n bí ọsàn tàbí kó dúdú bí ewé. Ibẹ̀ ni jìnnìjìnnì ti máa ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. "Ó ti di àwọ̀ ewé, kòkòrò ti wọ̀ ọ́!" Rárá o. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó kú sójú ìjà ló pa á láwọ̀ dà. Kì í ṣe àmì pé kápúsù ló kàn. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ọ̀fìnkìn ọ̀hún á gba ọ̀nà tó gbà wá lọ.

Ìrora tó ń bá irú rẹ̀ rìn, ara imú tó bó ló ń fà á. Ẹni tó fi áńkáṣíìfù gbo imú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò lè ṣe kó má ta á. Fasilíìnì díẹ̀ létí ihò imú ti tó fún ìyẹn.

Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo fáírọ́ọ̀sì ni aláàánú. Ní oṣù Kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ òkun gbé ibà-ọ̀fìnkìn tí wọ́n ń pè ní influenza wọ Èkó. Ó tàn wọ ilẹ̀ Yorùbá, ó sì pa ènìyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2020 náà ni àyẹ̀wò fi hàn l'Ékòó pé àrùn COVID-19 ti wọ Nàìjíríà, omi imú sì wà lára àmì rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí imú rẹ̀ bá ń ṣomi tí ibà líle, ara ríro àti èémí tó ń há bá a wọlé, ẹ má pe tirẹ̀ ní ọ̀fìnkìn lásán. Kó jìnnà sí bàbá àti ìyá àgbà inú ilé, kó sì lọ ṣe àyẹ̀wò.

OHUN TÍ ARA KỌ̀

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ti sín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra. Imú á máa yún wọn, ojú á máa yún wọn, àjà ẹnu pàápàá á máa yún wọn. Omi tó ń jáde mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Kò sí ibà, bẹ́ẹ̀ ni kò tán lọ́jọ́ 10. Ó lè gbà tó oṣù mẹ́ta.

Èyí kì í ṣe ọ̀fìnkìn, kì í sì í ṣe pé àwọn ọ̀tá ń pe orúkọ wọn níbì kan. Ohun kan wà nítòsí wọn tí ara wọn kọ̀. Fún ẹlòmíràn, eruku ilé ni, àti àwọn kòkòrò tíńtínní tó ń gbé inú fóòmù àti pílò. Fún ẹlòmíràn, ìgbẹ́ aáyán ni, tàbí irun ológbò, tàbí èbu ara ògiri tó ń tutù, tàbí àtíkè inú òdòdó koríko. Oníbúrẹ́dì lè máa jìyà ìyẹ̀fun, káfíńtà lè máa jìyà lẹ́bú pákó. Lọ́fínńdà àti fílíìtì tí wọ́n ń fín sí yàrá máa ń dá kún un.

Ọ̀rọ̀ yìí ti lójọ́ lórí. Ní 1819, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ John Bostock kọ ìwé nípa bí ojú àti imú tirẹ̀ ṣe ń ṣomi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gbogbo ọdún. Kò mọ ohun tó ń fà á. Ní 1873, dókítà mìíràn ní Manchester, Charles Blackley, tí irú rẹ̀ ń ṣe òun náà, tẹ ìwé jáde láti fi hàn pé àtíkè òdòdó koríko ni. Ara òun fúnra rẹ̀ ló fi dán an wò!

Oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n ohun tó ń fà á ni kí á kọ́kọ́ lé jìnnà. Kí wọ́n máa sá fóòmù àti pílò sóòrùn. Kí wọ́n máa fi omi gbígbóná fọ bẹ́díṣíìtì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀. Kí oníbúrẹ́dì àti káfíńtà fi aṣọ bo imú. Ní ti oògùn, yẹ́lò kékeré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ yẹn ń dá omi imú dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń múni sùn. Awakọ̀ tó gbé e mì ní mọ́tò páàkì, tó sì gba títì Èkó sí Ìbàdàn lọ, ń fi ẹ̀mí gbogbo èrò ọkọ̀ ta tẹ́tẹ́. Èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ múni sùn wà, kí ó bèèrè fún un. Ẹni tí ásímà bá sì ń ṣe, kó má fi ọ̀rọ̀ imú ṣeré, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì.

ỌYẸ́ DÉ, ÌRORA DÉ

Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọyẹ́ nìyẹn. Bó ṣe ń sán ètè ló ń sán inú imú. Ikun á gbẹ, á di èépá. Ẹni tó bá fi èékánná họ ọ́, ẹ̀jẹ̀ dé.

Ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ ni pé kí ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ gbé orí sẹ́yìn. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà á gba ọ̀fun lọ sínú ikùn, yóò sì máa bì í, ó sì lè há a lọ́fun. Kí ó jókòó, kí ó tẹ orí síwájú díẹ̀, kí ó fi ìka méjì fún ibi tó rọ̀ ní imú pinpin, kí ó máa gba ẹnu mí. Kí ó di í mú fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 láìjẹ́ pé ó ń tú u wò. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọsibítù yá. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí èyí sì ń ṣẹlẹ̀ sí lemọ́lemọ́, kí ó lọ wọn ìfúnpá rẹ̀.

Fasilíìnì tínńrín lójú ihò imú láàárọ̀ àti lálẹ́ àti omi mímu dáadáa ló ń bá ọyẹ́ jà.

IHÒ INÚ EGUNGUN OJÚ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé egungun ojú ní ihò nínú. Orí mẹ́rin ni wọ́n pín sí, méjìméjì: èyí tó wà níwájú orí, èyí tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí tó wà láàárín ojú méjèèjì, àti èyí tó wà lẹ́yìn imú lọ́hùn-ún. Gbogbo wọn ló ń ṣí sínú imú. Bí ọ̀fìnkìn tàbí eruku bá mú kí ẹnu ọ̀nà wọn wú, ikun á há sínú wọn, ìrora á sì dé.

Ẹni tí irú èyí ń ṣe á máa ránmú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí iwájú orí á máa wúwo bí òkúta. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti gbálẹ̀, tàbí tó foríkanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ìrora náà á lé sí i. Kò ní í gbọ́ òórùn ọbẹ̀ mọ́. Ikun tó ki á máa jáde, òmíràn á máa gba ẹ̀yìn ọ̀fun lọ.

Fáírọ́ọ̀sì náà ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí dókítà máa ń ronú oògùn apakòkòrò ni bí ó bá ti lé ní ọjọ́ 10 tí kò dín rárá, tàbí tó ti fẹ́ san tó tún padà le, tàbí tí ibà gbígbóná àti ìrora ojú bá kọ́kọ́ dé pa pọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ 12, ó ti di ti dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ó lè jẹ́ pé ẹran rírọ̀ kan ti hù sínú imú, tó dí ọ̀nà.

Ẹ má gbàgbé eyín o. Gbòǹgbò eyín òkè sún mọ́ ihò inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹ́kípẹ́kí. Eyín tó ti jẹrà lè tú ọyún sínú ihò náà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò máa dun olúwarẹ̀, ihò imú kan ni yóò máa rùn. Oògùn imú ilé ayé kò lè wo ìyẹn. Dókítà eyín ni kó lọ rí.

EÉWO INÚ IMÚ

Bí orí imú bá pọ́n, tó wú, tó jẹ́ pé bí aṣọ bá kàn án olúwarẹ̀ á fò sókè, eéwo ló yọ sínú rẹ̀. Ìka tí wọ́n fi ń họ imú àti irun imú tí wọ́n ń fà tu ló ń ṣínà fún kòkòrò.

Ìkìlọ̀ ńlá rèé: ẹ má fún un! Láti àárín ojú méjèèjì títí dé igun ẹnu, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ lè gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ìdí ọpọlọ. Ẹni tó bá fún eéwo níbẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ọyún sọ́dọ̀ ọpọlọ. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀, ìran kékeré kọ́. Kí wọ́n fi aṣọ tó mọ́ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n máa fi lé e lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí pípọ́n náà bá ń ràn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ojú, tàbí tí ibà bá dé, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ dúró rárá.

IHÒ IMÚ KAN ṢOṢO

Bí imú ọmọdé bá ń ṣomi lápá kan ṣoṣo, tó sì ń rùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ̀wà lè wà níbẹ̀, àgbàdo, ìlẹ̀kẹ̀, bébà tàbí fóòmù tó ya lára bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, kò sì ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Òbí á máa fún un ní oògùn ọ̀fìnkìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀wà ọ̀hún á máa mumi, á máa wú síbẹ̀.

Ẹ má fi ìgbálẹ̀ tàbí ṣòkòtí wá a. Ẹ máa tì í wọlé sí i ni. Ọmọ tó bá gbọ́ràn, ẹ di ihò imú kejì, kí ó fọn ikun kíkan lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí kò bá jáde, ọsibítù ló kù.

Èyí tó burú jù ni bátìrì pẹlẹbẹ kékeré tó wà nínú aago ọwọ́, rìmóòtù àti bèbí aláriwo. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi di ọ̀la. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó lè jó inú imú ọmọ, kó sì dá ihò sí egungun àárín imú. Bó bá jẹ́ òru ni ẹ mọ̀, òru náà ni kí ẹ gbé ọmọ lọ.

Àgbàlagbà tí ihò imú kan ṣoṣo bá dí, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń bá ikun jáde níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ó lọ kí dókítà wo inú rẹ̀, bóyá kókó kan ló ń hù níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó já lórí ọ̀kadà, tó forí gbálẹ̀, tí omi tó mọ́ gaara wá ń kán ní imú rẹ̀ lápá kan. Omi ara ọpọlọ lè ni, kì í ṣe ọ̀fìnkìn.

OÒGÙN TÓ Ń DI ÀÌSÀN

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kápúsù apakòkòrò kì í pa fáírọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ mẹ́rin, ì báà jẹ́ ogójì. Ohun tí kápúsù mẹ́rin-mẹ́rin ń ṣe ni pé ó ń kọ́ àwọn kòkòrò mìíràn nínú ara bí wọ́n ṣe máa yè é. Ọjọ́ tí àrùn gidi bá dé, oògùn ọ̀hún ò ní í ràn án mọ́. Òfin Nàìjíríà pàápàá kò fún oní-ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe apòògùn tó kàwé rẹ̀ láyè láti ta apakòkòrò.

Oògùn tí wọ́n ń kán sí imú dídí náà ní tirẹ̀. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún, imú á là gbayawu, inú aláìsàn á dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lò ó ju ọjọ́ márùn-ún lọ, imú á bẹ̀rẹ̀ sí í dí nítorí oògùn náà gan-an. Yóò máa kán an, yóò máa dí, wọn ò ní í já ara wọn sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ṣọ́ra fún oògùn ọ̀fìnkìn tó ń la imú. Èyí tí pseudoephedrine tàbí phenylephrine bá wà nínú rẹ̀ ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì lè ti ìfúnpá gòkè. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó ta á fún yín. Alábòyún tí imú rẹ̀ ń dí láìsí ọ̀fìnkìn, kí ó mọ̀ pé oyún lè fà á, yóò sì lọ lẹ́yìn ìbímọ. Kí ó má gbé oògùn kankan mì láìbèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16, wọn kì í fún un ní aspirin fún ọ̀fìnkìn àti ibà. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan, wọn kì í fún un ní oyin. Oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine sì ti di èèwọ̀: oṣù Karùn-ún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe rẹ̀ àti kíkó o wọlé.

Áṣáà fínfín sí imú àti sìgá kì í wo imú. Wọ́n ń jó o ni.

OHUN TÍ ÈNÌYÀN LÈ ṢE NÍLÉ

Omi mímu, ìsinmi, pílò méjì lábẹ́ orí lálẹ́, parasitamọ́ọ̀lù bó ṣe wà lára páálí. Omi gbígbóná tí wọ́n bọ atalẹ̀ sí máa ń tu ọ̀fun lára, kò sí ewu níbẹ̀.

Omi oníyọ̀ dára gan-an fún fífọ imú. Kí wọ́n se omi kó hó, kí ó tutù tán, kí wọ́n fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sínú ife kan. Kí wọ́n fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ rọra tì í sí ihò kan, kí orí dojú kọlẹ̀, yóò gba ìkejì jáde. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga tí kò tí ì hó. Kòkòrò kan wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ tó lè gba imú dé ọpọlọ, ṣàṣà ẹni ni ó sì máa ń mú tí kì í pa.

Bíbo aṣọ lórí omi híhó tó ní Róòbù, àgbà lè ṣe é pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ti ọmọdé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Omi híhó tó dà sí ọmọ lára burú ju ọ̀fìnkìn lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ní pàtàkì jù, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ. Ọwọ́ ló ń gbé ọ̀fìnkìn láti imú ẹnì kan dé imú ẹlòmíràn. Ẹni tó fẹ́ sín, kó sín sí ìgunpá.

ÌGBÀ TÍ KÒ YẸ KÍ Ẹ DÚRÓ

Bí ìpéǹpéjú bá wú, tàbí tí ojú bá ń rí nǹkan kan ní méjì. Bí ọrùn bá gan, tí orí ń fọ́ gidi, tí aláìsàn sì ń sọ kántankàntan. Bí èémí bá ń há, tí egungun ìhà ọmọdé ń wọlé bó ṣe ń mí. Bí ìkókó kò bá lè mu ọyàn nítorí imú tó dí. Bí ẹ̀jẹ̀ imú kò bá dá. Bí omi bá ń kán ní imú lẹ́yìn tí orí gba nǹkan. Tàbí bí bátìrì bá wà nímú ọmọ, ẹ má gba ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kọjá. Ẹ wọ mọ́tò tààrà sí ọsibítù.

Èyí tí kò bá le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó ti lé ní ọjọ́ 10 tí kò dín, kí olúwarẹ̀ mú ìdáhùn ìbéèrè mẹ́rin yẹn dání, kó lọ bá dókítà tàbí apòògùn tó kàwé rẹ̀. Kó dárúkọ oògùn gbogbo tó ń lò, kó sì sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe é. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó máa ràn án lọ́wọ́. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.